LUN kan, server kan: bí ẹ ṣe lè gbé e fún ẹlòmíràn láìba nǹkan jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gba LUN (ìpín dísíkì tí storage, ìyẹn àpótí dísíkì ńlá, yà sọ́tọ̀ fún server) lọ́wọ́ server àtijọ́ fún tuntun, ẹ sì béèrè bóyá ó burú kí àwọn méjèèjì jọ mount rẹ̀ (ṣí i láti lò ó) fún ọjọ́ díẹ̀ títí ọkàn yín á fi balẹ̀. Ó burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò rárá. Mò ń bójú tó SAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so server mọ́ storage) ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣágámù, níbí ní Ìkòròdú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí n tó dé, èmi ni wọ́n sì pè wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kò sí ohun tó máa pariwo. Lójú server, dísíkì tirẹ̀ ni LUN. ext4 àti XFS, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísíkì, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀. Server kìíní ní àkọsílẹ̀ ibi tó ṣófo nínú RAM tirẹ̀, ìkejì náà ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń bi èkejì léèrè kó tó kọ nǹkan sílẹ̀. Storage fúnra rẹ̀ kò mọ fáìlì, àṣẹ SCSI (èdè tí server fi ń bá dísíkì sọ̀rọ̀) nìkan ló ń gbà: kọ èyí síbí, ó kọ ọ́. Àwa ará Ìkòròdú mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì: oníkálukú ní rìsíìtì lọ́wọ́, oníkálukú ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Àfi tí ẹ bá ń lo VMFS, GFS2 tàbí OCFS2, tí wọ́n ṣe kí server púpọ̀ lè jọ lò ó, ẹ má pín in.

Níbi tí mo ń wí yìí, àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà ló wà lórí LUN náà. Wọ́n fi server tuntun sínú host group (àkójọ server tí storage ń fi LUN kan náà hàn) ti àtijọ́, gbogbo LUN inú rẹ̀ sì fara hàn án. Wọ́n tún da fstab (fáìlì tó ń sọ ohun tí server máa mount tó bá tàn) àtijọ́ kọ sórí tuntun. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa lójú gbogbo èèyàn, àfìgbà tí wọ́n tún ọ̀kan nínú wọn tàn, tí fsck, ètò tó ń yẹ dísíkì wò tó sì ń tún un ṣe, wá bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì sínú lost+found, ibi tó ń kó àwọn tí kò mọ orírun wọn sí. Backup náà ti kó ìbàjẹ́ mọ́ra, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ la padà sí, àwọn akọ̀wé sì jókòó ti páálí rìsíìtì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ojú wọn. Ó dùn mí títí dòní.

Torí náà, kí server kọ̀ọ̀kan ní host group tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé zoning ti tó. Zoning ń sọ WWPN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹnu ọ̀nà server lórí Fibre Channel) tó lè rí ẹnu ọ̀nà storage, masking ló ń sọ LUN tí yóò rí. Tó bá jẹ́ iSCSI (SCSI tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì IP) lẹ ń lò, tí ẹ sì ṣe ẹ̀dà server tuntun láti ara àtijọ́, ẹ lọ wo /etc/iscsi/initiatorname.iscsi. IQN (orúkọ tí server fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún storage) kan náà ló máa wà nínú àwọn méjèèjì, storage á sì rò pé ẹnì kan ni wọ́n. Ẹ yí i padà kí ẹ tó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nígbà tí ẹ bá ṣetán, ọ̀dọ̀ server àtijọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí storage. Ẹ dá ohun tó ń lò ó dúró, umount (ẹ tú u sílẹ̀), vgchange -an (ẹ pa LVM, ètò ìpín dísíkì, tó wà lórí rẹ̀), kí ẹ wá fi multipath -ll, àṣẹ ètò tó ń so gbogbo ọ̀nà tó lọ sí LUN kan pọ̀, wo WWID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ LUN fúnra rẹ̀) rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ bíi sdb, ó lè yí padà tí ẹ bá tún server tàn. Nọ́ńbà LUN náà kò tó. Lọ́jọ́ Orò kan, ẹlẹgbẹ́ mi tó pín àwọn LUN wa kò lè jáde nílé torí pé obìnrin ni, orí fóònù la ti ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní LUN 3, èmi náà ń wo LUN 3, àmọ́ nígbà tí a ka WWID síra wa létí, wọn kò bára mu. Nọ́ńbà tí masking fún server kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ LUN kan náà ni. WWID tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló kó wa yọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, multipath -f (ẹ yọ LUN náà kúrò nínú multipath), kí ẹ sì pa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan rẹ́ pẹ̀lú echo 1 sínú /sys/block/sdX/device/delete. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yọ masking. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ masking, tí queue_if_no_path (ìlànà pé kí iṣẹ́ dúró tí kò bá sí ọ̀nà) sì wà nínú multipath rẹ̀, á rí i pé gbogbo ohun tó ń dúró de dísíkì náà há, kill -9, àṣẹ tó ń fi ipá pa ètò, pàápàá kò ní ràn wọ́n.

Ìyókù kò le: ẹ fún tuntun, rescan (kí server tún wá dísíkì), vgchange -ay (kí LVM tún tàn), mount. Tó bá jẹ́ Windows ló wà níbẹ̀, tó sì ní kí ẹ initialize dísíkì (kí ẹ ṣètò rẹ̀ bíi tuntun), ẹ má tẹ̀ ẹ́, dátà yín wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ sì yọ LUN náà kúrò nínú fstab ti àtijọ́, kí ẹ yọ WWPN rẹ̀ kúrò lórí storage lọ́jọ́ yẹn gan-an. Púpọ̀ server ni wọ́n ti ṣètò pé kó tan ara rẹ̀ tí iná bá dé, NEPA sì lè mú iná wá láàárín òru nígbà tí kò sẹ́nì kankan nínú yàrá náà.