Báwo ni orin "Come Together" ti ẹgbẹ́ Beatles ṣe wáyé?

John Lennon, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ olórin Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ "Come Together", ẹgbẹ́ náà sì gbà á sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Keje ọdún 1969. Orin ìpolongo ìbò ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe fún Timothy Leary, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí ó ń du ipò gómìnà California, ṣùgbọ́n àpèjúwe ọkùnrin abàmì kan ni ó jáde níkẹyìn, tí ìlà kan kò fi bẹ́ẹ̀ tan mọ́ èkejì. Nítorí pé ó jọ "You Can't Catch Me" ti Chuck Berry, olórin rock 'n' roll ará Amẹ́ríkà, jù, Paul McCartney, akẹgbẹ́ Lennon nínú Beatles, dábàá pé kí wọ́n dẹ ìlù rẹ̀ lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni adùn blues (irú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) tí ó ní ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Lennon ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "shoot me", ṣùgbọ́n gìtá béèsì bo ọ̀rọ̀ kejì mọ́lẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ dẹ ìlù rẹ̀ lọ́wọ́, Morris Levy, tí ó ni ẹ̀tọ́ sórí orin Berry, pẹjọ́ lórí ìjọra náà. Àdéhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí àwo "Rock 'n' Roll" ti Lennon ní 1975. Orin náà dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, Aerosmith àti Michael Jackson sì tún un kọ.