Èsì: Ẹ̀rọ tó lè gbẹnu sọ fún bàbá yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi sórí ọpọlọ, tó lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ bíi bàbá. Òótọ́ ni. Ní 2023, Yunifásítì Kalifóníà ní San Francisco kéde pé àwọn ti fi í sórí ọpọlọ obìnrin kan tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń bá a sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 78 ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ni, ìwádìí ló sì jẹ́. Ẹ má jókòó dè é ní Kétu, ní Benin níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń yé bàbá, tí ìka wọn sì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá áàpù alàwòrán tó ń gba ohùn sílẹ̀: bí wọ́n bá tẹ àwòrán, fóònù á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé: òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹ pe ìyá wá. Ohùn Faransé inú áàpù kò lè tù wọ́n lára bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "mi ò fẹ́" sí i. Àwa olùtọ́jú sábà máa ń fò ó.