Wúrà mímu kọ́ ló ń mú egungun rírọ̀ hàn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúnkún ń ro ìyá mi ní Kétu. Wọ́n ya rádíò (àwòrán egungun tí wọ́n ń fi ìtànṣán yà), wọ́n ní àwọn ò rí egungun rírọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti tán. Ọkùnrin kan ń ta ìyẹ̀fun wúrà “nánò” ní 15 000 sefa. Ó ní tí ìyá bá mu ún, egungun rírọ̀ á hàn, á sì tún hù. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin tó bi mí lóṣù yìí, ó sì ti ń bí mi nínú.

Ta ló ní ó ti tán? Ẹ wo itan adìẹ. Ohun funfun tó ń dán lórí egungun rẹ̀, tó ń ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu, òun là ń sọ. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtànṣán sì ń gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó pé, bó jẹ, kì í hàn.

Oògùn ìmúhàn wà lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ la fi ń fi èyí tó ní iodine, èròjà tó ń dí ìtànṣán, sínú oríkèé, ká tó fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya inú ara, yà á. Nánò tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ẹ̀rún wúrà tàbí irin mìíràn bíi bismuth tàbí tantalum ni, tó kéré débi pé a ó pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù ká tó fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń dí ìtànṣán ju iodine lọ. Èyí tó bá tóbi díẹ̀ kì í ráyè wọ inú egungun rírọ̀, àfi níbi tó ti sán. Ibẹ̀ ló ń kó sí, tí ojú sísán náà á fi hàn. Àmọ́ inú yàrá ìwádìí ló ṣì wà. Kò tíì dé ọjà Kétu, kò dé Àjàṣẹ́ níbí náà.

Mímu wá ńkọ́? Egungun rírọ̀ àgbàlagbà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ. Ọ̀nà wo ni wúrà inú ikùn fẹ́ gbà débẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó débẹ̀: tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri tó sán, ṣé ògiri náà á dí? Obìnrin kan gbé tirẹ̀ wá hàn mí. Ìyẹ̀fun rúsúrúsú nínú ọ̀rá, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ọjọ́.

Ẹ bi wọ́n bóyá ìyá dìde dúró nígbà tí wọ́n ń ya rádíò. Tó bá dùbúlẹ̀, àyè àárín egungun méjèèjì, níbi tí egungun rírọ̀ wà, lè dà bíi pé ó fẹ̀. Tó bá dúró, ìwúwo ara á tẹ̀ ẹ́, èyí tó ti fún á hàn. IRM, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, máa ń fi egungun rírọ̀ hàn láìsí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí orúnkún ìyá o. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló máa sọ èyí tó kàn. Tí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà sì ń ṣe ìyá, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Tí wọ́n bá sì ti mu nínú ìyẹ̀fun yẹn, ẹ mú ọ̀rá rẹ̀ dání.