Máìkì wo ni mo lè rà tí jẹnẹrétọ̀ ò ní máa bá mi kọ́ọ̀yàn lẹ́kọ̀ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa lóṣooṣù. Ọmọ LAUTECH ni mí, Under G níbí ni mò ń gbé. Mo máa ń ka ewì, mo sì máa ń ki oríkì orílẹ̀, fóònù mi ni mo fi ń gbà á sílẹ̀ tí màá fi sórí WhatsApp àti YouTube. Láàárọ̀ Sátidé mo tún máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lédè wa lórí Zoom. Àwọn òbí wọn ti ń ráhùn, wọ́n ní ohùn mi ń lọ ó ń bọ̀, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ làwọn ń gbọ́ ju tíṣà lọ. Mo ti tọ́jú 60,000 náírà. Ẹnìkan ní kí n ra condenser, ẹlòmíì ní dynamic ni, ẹnìkẹta ní kí n kúkú wá èyí tí wọ́n kọ 192kHz sí lára torí òun ló lágbára jù. Orí mi ti dàrú. USB ni mo ṣáà fẹ́ o, èyí tí mo lè kì bọ láptọ́ọ̀pù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. — Ọmọ Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, 60,000 á ra nǹkan gidi, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di owó ẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń kì yín pé ẹ̀ ń jẹ ọkà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ yangan, nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ jẹ kí á tó dórí máìkì, ìyẹn ni yàrá tó o wà àti bí ẹnu ẹ ṣe jìnnà sí máìkì tó. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ra máìkì olówó gọbọi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, ó wá fẹ̀yìn ti àga, ó ń sọ̀rọ̀ látòkèèrè, ohùn tó jáde níbẹ̀ àfi bíi ti ẹni tó já sínú kànga.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ẹnu ẹ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí máìkì, tó o wá sún sẹ́yìn dé 20, ohùn ẹ tó ń wọlé á dín, nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òun ni wọ́n fi ń wọn ohùn) 6 ló lọ yẹn, tó o bá tún sún dé 40, 6 míì tún lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ní tiẹ̀ ò kúrò lójú kan, bó ṣe ń ké náà ló ń ké. Nígbà tí wọn ò bá wá gbọ́ ẹ dáadáa mọ́, wàá yí gain, ìyẹn bí máìkì ṣe ń gbé ohùn sókè tó, sókè, gain tó o yí yẹn náà ló máa gbé jẹnẹrétọ̀, àkùkọ, ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn pátá ló máa gbé sókè pẹ̀lú ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n sún mọ́ máìkì, bí ìbú ọwọ́ kan báyìí, kí wọ́n wá yí gain wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ condenser àti dynamic wá ńkọ́? Etí condenser mú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pẹlẹbẹ, iná díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wọ ibẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, USB ló ń fún un níyẹn. Dynamic ní tiẹ̀, sípíkà tó ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn ni, wáyà tí wọ́n ká wà nídìí awọ ẹ̀ láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, tí ohùn bá mi awọ yẹn, wáyà á mì, iná kékeré á jáde. Etí tiẹ̀ ò mú tó ti condenser, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń pariwo pé dynamic kì í gbọ́ ariwo ìta. Mi ò fi gbogbo ara gba ìyẹn gbọ́ o. Tó o bá gbé méjèèjì síbì kan náà, tó o sì yí wọn títí ohùn ẹ fi dọ́gba nínú méjèèjì, jẹnẹrétọ̀ yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan tó kàn wà níbẹ̀ ni pé dynamic á fi ipá mú ẹ sún mọ́ ọn, torí tó o bá jìnnà, ohùn ẹ ò ní jáde rárá, condenser ní tiẹ̀ á máa tàn ẹ́ pé ibi tó o jókòó sí yẹn náà dáa. Èmi tí mo mọ ara mi pé mo máa ń gbàgbé, dynamic ló bá mi lára mu.

Nínú èyí tówó ẹ lè rà, FIFINE K669 ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Condenser ni, irin ni ara ẹ̀, iwájú ló ti ń gbọ́rọ̀, nǹkan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí gain sì wà lára ẹ̀ gan-an. Kò níhò íápíìsì, wáyà ẹ̀ náà ò ṣeé yọ, tí wáyà bá bàjẹ́ ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ń jó irin nìyẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó bá a wá kúrú, á kàn dúró nísàlẹ̀ lórí tábìlì kó máa wo àyà ẹ, kó àwọn ìwé ńlá ẹ tó ò ń kà léra wọn, kó o gbé e lé wọn lórí kó bá ẹnu ẹ dọ́gba. Tó o bá lè ní sùúrù kó o fi díẹ̀ kún owó ẹ, FIFINE AM8 wà, dynamic ni, ó níhò íápíìsì, o kàn máa fọwọ́ kàn án lórí ni tó o bá fẹ́ kó dákẹ́, ó sì tún ní ojú XLR, ìyẹn ojú wáyà onírin mẹ́ta, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ lo míkísà. Iná aláràbarà tó ń tàn nídìí ẹ̀ bí iná Kérésì, ṣeé pa, jọ̀ọ́ pa á. Samson Q2U náà ti pẹ́ lọ́jà, dynamic tó ní USB àti XLR lòun náà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá dúró de AM8. Tí kíláàsì Sátidé tó ń bọ̀ bá wá ń lé ẹ, ra K669, tí ṣẹ́ńjì bá sì ṣẹ́kù, fi ra apá irin tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì.

Ẹni tó sọ 192kHz fún ẹ yẹn, kí i fún mi. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé máìkì lè ka ohùn nígbà 192,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà 44,100 ni CD ń ka ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí fídíò ń kà á nígbà 48,000, ìyẹn sì ti ju ibi tí etí ọmọ èèyàn lè gbọ́ dé lọ. Zoom àti WhatsApp tún máa fún un pọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Má fowó ẹ ra nọ́ńbà.

Iwájú tí mo sọ pé ó ti ń gbọ́rọ̀ yẹn, mọ ibi tí iwájú ẹ̀ wà o. Lára àwọn máìkì kan bíi Blue Yeti, ẹ̀gbẹ́ niwájú, kì í ṣe orí, ọ̀rẹ́ mi kan lo oṣù mélòó kan tó ń dojú ẹ̀ kọ ẹnu bí ẹni ń lá áísìkiriìmù, ó ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Ẹ̀yìn máìkì ni kó o kọ sí ojú fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà, ìwọ wá wà níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn túmọ̀ sí pé ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ ni máìkì ń wò tààrà, ibẹ̀ ló yẹ kó o fi nǹkan rọ̀ sí. Pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo nínú yàrá ẹ, tó o bá gbọ́ tó ń dún wíííín lẹ́yìn ẹ̀, ohùn tó ń ta padà lára ògiri àti tàìsì nìyẹn, ta búláńkẹ́ẹ̀tì tàbí ìró tó nípọn sẹ́yìn ẹ, gbé tìmùtìmù dúró ti ògiri, tẹ́ ẹní sílẹ̀. Kíréètì ẹyin táwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, èmi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Fóòmù pàápàá, ohùn tó ń ta padà ló ń bá ẹ gbà mọ́ra, kò lè ní kí jẹnẹrétọ̀ má wọlé. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, lọ sùn. Oríkì tó o fẹ́ gbà sílẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni kó o gbà á, kó tó di pé wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀.

Tó o bá pe “f” àti “b”, gbé ọwọ́ síwájú ẹnu, wàá mọ afẹ́fẹ́ tó ń jáde, òun ló ń dún gbì nínú máìkì. Sítọ́kìn tó ti ya tí wọ́n na sára híńgà tí wọ́n tẹ̀ roboto, gbé e sáàárín ẹnu ẹ àti máìkì, ó tó. Tàbí kó o má dojú ẹnu kọ ọ́ gbọọrọ, yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ “ohùn mi ń lọ ó ń bọ̀” yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni. Mi ò rò pé máìkì ló fà á. Ṣe báyìí: gba ohùn ẹ sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú Audacity, ọ̀fẹ́ ni, má tan dátà rárá. Tó bá já geere níbẹ̀ tó wá ń já lórí Zoom, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pa fídíò nígbà míì kó lè fúyẹ́. Tó bá sì jẹ́ ìgbà tó o bá ń ki oríkì nìkan ló máa ń já, Zoom ló ń ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe láti pa ariwo, ó lè ka rárà tàbí ẹkún ìyàwó sí ariwo kó gé e dànù. Wá ibi tí wọ́n kọ Original sound sí nínú ẹ̀ kó o tàn án, kó o sì pa á tó o bá kì tán kí jẹnẹrétọ̀ má wọlé tọ̀ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, mò ń tajà ní Akẹ̀sán. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ra íápíìsì aláìníwáyà fún mi. Tí mo bá fi gbọ́ wàásù ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá pè mí báyìí, ohùn ẹ̀ á rí bíi rédíò àtijọ́, òun náà ní òun ò gbọ́ mi dáadáa. Ẹnìkan ní kí n lọ ra máìkì. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màmá, ẹ̀jìrẹ́ á gbè yín. Ẹ má ra nǹkan kan. Bluetooth ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ gbígbọ́ nìkan, gbogbo ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún ohùn tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí máìkì inú ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lílọ àti bíbọ̀ á jọ máa pín ọ̀nà tóóró kan náà lò, ohùn á sì kéré. Ẹ lo íápíìsì oníwáyà tó ní máìkì kékeré lára, ẹ jẹ́ kí máìkì yẹn wà nítòsí ẹnu, kí ìborùn má máa ha á. Tẹ́ ẹ bá sì lè yà sẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n kó léra wọn ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ibẹ̀ dákẹ́ ju ibi tẹ́ ẹ pàtẹ sí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo rí máìkì BM-800 tówó ẹ̀ ò wọ́n. Ṣé USB ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ojú XLR ló wà nídìí ẹ̀, wáyà tó ń parí sí ẹnu íápíìsì ni wọ́n máa ń fún ẹ mọ́ ọn. Kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó nílò iná fóòlìtì 48 (48V) látinú ẹ̀rọ míì, tó ò bá sì rí ìyẹn fún un, ohùn á kéré, á máa dún ṣììì. Tó o bá ka owó ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn, o ti ra K669 tipẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò ní láptọ́ọ̀pù. Ṣé máìkì USB lè bá fóònù mi ṣiṣẹ́? — Ará Tákíé

ÌDÁHÙN: Ó lè ṣiṣẹ́ tí fóònù Android ẹ bá gba OTG, ìyẹn ni pé ó lè lo nǹkan tí wọ́n bá kì bọ ẹnu USB ẹ̀, wàá ra ẹnu kékeré kan tó ń so méjèèjì pọ̀. iPhone láti orí 15 tó jáde ní 2023 ti ń lo ẹnu USB-C, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ní ẹnu tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n máìkì míì wà tí iná fóònù ò lè gbé. Gbé fóònù ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kì máìkì bọ̀ ọ́ níbẹ̀, sọ̀rọ̀ sí i, kó o fi íápíìsì gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀ kó o tó yọ owó, tí ọlọ́jà bá sì ń kánjú pé kó o lọ dán an wò nílé, kúrò níbẹ̀.