Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n tún pọ́ǹpù kànga mi ṣe dáadáa ní Àkúrẹ́?

Pọ́ǹpù tí wọ́n tún ṣe dáadáa máa ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí a bá fi ọwọ́ yí i, kì í jo omi, omi rẹ̀ sì máa ń tú jáde bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná. Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù orí ilẹ̀, ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ láti ibi fáànù ẹ̀yìn mọ́tò: bó bá ń ha, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ tó ń ti omi ń kan ara irin tó bò ó nìyẹn; bó bá ń mì, ẹ wo bẹ́árìn tó gbé ọ̀pá náà ró. Ẹ bu omi kún un kí ẹ tó tàn án, torí títàn án ní gbígbẹ máa ń jó síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jo, kódà èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ wo àárín mọ́tò àti pọ́ǹpù bóyá omi ń kán níbẹ̀.

Gáráwà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù: bí ti lítà 20 bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 40, lítà 30 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Yóò kéré sí iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, torí omi ń gun òkè.

Àmọ́ bí omi kànga bá jìn ju nǹkan bíi mítà 8 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pọ́ǹpù orí ilẹ̀ tó ń fi páìpù kan ṣoṣo fa omi kò ní lè fà á, ẹ̀bi ẹni tó tún un ṣe kọ́.