Ṣé dandan ni kí n gba ìyọ̀ǹda ìlò ilé kí n tó ṣí ọ́fíìsì takisí ní Ẹ́ńgíláńdì?

Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láísẹ́ǹsì ẹni tó ń gba iṣẹ́ fún takisí àdáni (èyí tí èrò gbọ́dọ̀ pè ṣáájú) wà lábẹ́ òfin 1976 níta Lọ́ńdọ̀nù; ọdún 5 ló sábà máa ń jẹ́. Ìyọ̀ǹda ìlò ilé (planning permission) wà lábẹ́ òfin 1990. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ sọ di ọ́fíìsì takisí, ẹ máa tọrọ ìyọ̀ǹda. Tó bá jẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà lórí tábìlì nínú yàrá yín ni, tí ọkọ̀ àti èrò kì í wá, ó sábà máa ń lọ láìgbà á. Àmọ́ bí awakọ̀ mẹ́ta bá ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàà níwájú ilé láago méjì òru, aládùúgbò á pe kánsù! Ní Lọ́ńdọ̀nù, TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà níbẹ̀, ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kánsù àdúgbò ló ṣì ni ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ bi kánsù kí ẹ tó sanwó ilé.