"Yá" kan, Gẹ̀ẹ́sì méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún ìwé mi, àmọ́ tí oníbàárà bá dé, ẹnu mi á wúwo. Ọmọ mi tún ní mò ń ṣi "borrow" lò. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ mọ́. Odidi gbólóhùn tí ẹ ń lò lójúmọ́ ni kí ẹ kọ: "How many yards do you want?", "I don't have change." Márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ máa pè wọ́n sókè kí ẹ tó pàtẹ.

Ti "borrow" yẹn, Yorùbá ló fà á. "Yá" kan náà la fi ń sọ "mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀" àti "mo yá a lówó". Gẹ̀ẹ́sì pín in: ẹni tó gbà ló ń "borrow", ẹni tó fún un ló ń "lend". Nítorí náà, "Borrow me your scissors" kò tọ̀nà, "Lend me your scissors" tàbí "Can I borrow your scissors?" ni. "Gbọ́" náà ń dà wá láàmú: etí ló ń "hear", imú ló ń "smell".

Tí ẹ bá ń ta síìpù, "zip" kì í ṣe "sip", ìyẹn kí á máa fẹnu kan omi díẹ̀díẹ̀. Yorùbá kò ní ìró z. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun, ẹ pe "sss": kò ní gbọ̀n. Ẹ má gbé ahọ́n kúrò, ẹ fi ohùn sí i títí ọ̀fun á fi gbọ̀n. Z nìyẹn. Nínú "scissors" gan-an, s àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pè ní s. Z ni wọ́n ń pe ìyókù.